Gbèsè Ni Kí A Kọ́kọ́ San, Tàbí Mọ́tò Ni Kí A Rà?

Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀kọ́ àgbà sọ

A mọ̀ pé àárẹ̀ wà lára yín. Ẹlòmíràn ti oko dé, ẹlòmíràn ti ọjà dé, ẹlòmíràn ti ibi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ dé. Síbẹ̀ ẹ mú ìwé àti kálàmù yín, ẹ sì wá.

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lónìí, ọ̀rọ̀ inú ilé ni. Ọ̀rọ̀ tí ọkọ àti aya máa ń sọ lóru ni, nígbà tí àwọn ọmọ bá ti sùn. Owó díẹ̀ ti wọlé. Bóyá àjọ ni a kó. Bóyá kòkó ni a tà. Bóyá iṣẹ́ ńlá kan ni a ṣe, tí wọ́n sì sanwó rẹ̀. Gbèsè wà nílẹ̀ tí a jẹ. Ṣùgbọ́n ẹnìkan tún wá sọ fún wa pé mọ́tò kékeré kan wà tí wọ́n fẹ́ tà lọ́pọ̀. Kí ni kí a ṣe? Ṣé kí a san gbèsè ni, tàbí kí a ra mọ́tò tí gbogbo ilé yóò máa wọ̀?

A kò wá síbí láti bú ẹnikẹ́ni. Kò sí ẹni tí kò fẹ́ ohun tó dára. Ta ni kò mọ ìyà tó wà nínú kí òjò máa pa ìyàwó àti ọmọ ní ibùdókọ̀? Ta ni inú rẹ̀ kò ní dùn bí ó bá fi ọkọ̀ ara rẹ̀ gbé ìyá rẹ̀ arúgbó lọ sí ilé ìwòsàn? Mọ́tò kì í ṣe ohun burúkú. Ohun tí a fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò ni èyí tó yẹ kó ṣáájú nínú méjèèjì.

Káfíńtà kan àti ìyàwó rẹ̀

Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ ṣe é, kí ọ̀rọ̀ náà lè yé wa yékéyéké.

Ẹ jẹ́ kí a sọ pé káfíńtà kan wà ní Ìbàdàn. Ìyàwó rẹ̀ ń ta gààrí àti ẹ̀wà. Ìbejì ni wọ́n fi ṣe àkọ́bí, nítorí náà Bàbá Ìbejì àti Ìyá Ìbejì ni gbogbo àdúgbò ń pè wọ́n. Lọ́dún yìí, Bàbá Ìbejì kan òrùlé ilé ńlá kan, wọ́n sì sanwó fún un. Àjọ tún kàn án. Nígbà tí wọ́n kó gbogbo rẹ̀ jọ, ó jẹ́ ₦2,400,000.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Bàbá Ìbejì wọlé tẹ̀ríntẹ̀rín.

Ó ní, "Ìyá Ìbejì, mo ti rí mọ́tò wa o!"

Ìyàwó rẹ̀ ní, "Mọ́tò kẹ̀? Mọ́tò wo nìyẹn?"

"Ti ọ̀gá kan ní ìsàlẹ̀ àdúgbò yìí ni. Ó fẹ́ kó kúrò nílùú, ìdí rẹ̀ nìyẹn tó fi fẹ́ tà á lọ́pọ̀. ₦2,400,000 péré ni. Iye tó wà lọ́wọ́ wa gan-an! Àbí o ò rí i pé Ọlọ́run ló ṣe é?"

"Ẹ kú oríire, Bàbá Ìbejì. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, owó tí a yá ńkọ́?"

"A ó máa san ìyẹn díẹ̀díẹ̀. Bí mọ́tò bá ti wà, owó á máa wá."

Ìyá Ìbejì dákẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó béèrè pé, "Ṣé mọ́tò náà ni yóò máa mú owó wá fún wa, tàbí àwa ni yóò máa mú owó wá fún un?"

Bàbá Ìbejì kò dáhùn. Kò bínú o, ṣùgbọ́n kò rí èsì kankan fọ̀.

Ìyá Ìbejì ń lọ sí kíláàsì ẹ̀kọ́ àgbà lálaalẹ́. Ó dìde, ó mú ìwé rẹ̀ wá, ó sì ní, "Ẹ jẹ́ kí a kọ ọ́ sílẹ̀. Ohun tí a bá kọ sílẹ̀ kò ní purọ́ fún wa."

Kí a kó gbogbo gbèsè síta

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ gbèsè. Wọ́n kọ ti olówó èlé, nítorí àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ lọ yá a nígbà tí ọmọ ṣàìsàn. Wọ́n kọ ti ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀. Ìyá Ìbejì rò pé ó ti tán. Ṣùgbọ́n ọkọ rẹ̀ kò sọ̀rọ̀, ó kàn ń wo ilẹ̀. Nígbà tó ṣe, ó jẹ́wọ́ pé òun gba pákó láwìn, owó rẹ̀ sì jẹ́ ₦150,000. Ìyàwó rẹ̀ kò gbọ́ nípa rẹ̀ rí.

Ṣé ẹ rò pé Ìyá Ìbejì yóò pariwo? Kò lè pariwo, nítorí òun náà ní tirẹ̀ lábẹ́ ẹní. Ó jẹ obìnrin tó ń kó gààrí fún un ní ₦50,000. Òun náà sọ ọ́. Àwọn méjèèjì wo ara wọn, wọ́n sì bú sẹ́rìn-ín.

Ẹ̀yin ará, ẹ má fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré. Nílẹ̀ wa, ọkọ ní àpò tirẹ̀, aya ní àpò tirẹ̀. Kò burú. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá fẹ́ ra ohun ńlá fún ilé, ó yẹ kí àpò méjèèjì ṣí. Gbèsè ìkọ̀kọ̀ dà bí ihò tó wà nídìí ìkòkò. Bó ti wù kí a pọn omi tó, ìkòkò náà kò ní kún.

Ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀ nìyí:

Olówó èlé: ₦500,000
Oníṣòwò pákó: ₦150,000
Oníṣòwò gààrí: ₦50,000
Ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀: ₦600,000
Àpapọ̀: ₦1,300,000

Èlé kì í sùn

Gbogbo gbèsè kọ́ ni ọmọ ìyá kan náà. Gbèsè pákó àti gbèsè gààrí kò ní èlé lórí. Ti ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ní èlé díẹ̀, ₦1 lórí ₦100 lóṣù. Ṣùgbọ́n olówó èlé ń gba ₦10 lórí ₦100 lóṣooṣù.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. ₦10 lórí ₦100, tí owó náà bá jẹ́ ₦500,000, ₦50,000 ni lóṣù kan. Ní oṣù 12, ó di ₦600,000. Háà! Èlé ọdún kan ti ju owó tí a yá lọ. Lẹ́yìn tí a bá sì ti san ₦600,000 yìí tán, ojú owó, ìyẹn ₦500,000, ṣì jókòó síbẹ̀ kalẹ̀. Kò fi kọ́bọ̀ kan dínkù.

Àwọn baba wa mọ irú nǹkan báyìí. Ẹ ò rí i pé orúkọ tí wọ́n fún un ni sọ̀gúndogójì: ohun tó ń sọ ogún di ogójì. Láyé àtijọ́, ẹni tó bá yáwó lè fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà. Ìwọ̀fà yóò máa ṣiṣẹ́ fún olówó. Iṣẹ́ tó ń ṣe yẹn, èlé ni. Kò mú nǹkan kan kúrò nínú ojú owó. Bó sin olówó fún ọdún mẹ́wàá, bí wọn kò bá rí owó náà san, ìwọ̀fà ni yóò ṣì máa jẹ́. Ìwọ̀fà ti kúrò nílẹ̀ lónìí. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń san ₦50,000 lóṣooṣù láìkan ojú owó, ẹ jẹ́ kí a bi ara wa, ta ni ó ń ṣiṣẹ́ fún?

Láyé àtijọ́ bákan náà, bí ẹni tó jẹ gbèsè kò bá san án, olówó lè rán ológò sí i. Ológò yóò wá jókòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè, yóò máa pariwo, yóò máa da ilé rú, títí ara yóò fi ni wọ́n. Ológò tòní wà nínú fóònù. Àwọn kan ń yáni lówó lórí fóònù kí a tó ṣẹ́jú pẹ́. Bí ọjọ́ bá pé tí a kò san án, àwọn kan nínú wọn a máa fi ìwé ránṣẹ́ sí àna wa, sí ọ̀gá wa, sí ẹni tí a jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí, pé olè ni wá. Nítorí irú ìwà yìí, ní ọdún 2022, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà, èyí tí wọ́n ń pè ní FCCPC, gbé ìlànà kalẹ̀ pé kí àwọn ayánilówó orí fóònù wá forúkọ sílẹ̀. Ẹ má ṣe yáwó lọ́wọ́ èyí tí kò forúkọ sílẹ̀.

Báńkì náà kò rọrùn. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2024, Báńkì Àpapọ̀ ilẹ̀ Nàìjíríà gbé èlé tirẹ̀ dé náírà 27 àti kọ́bọ̀ 50 lórí ọgọ́rùn-ún náírà lọ́dún. Bí ti Báńkì Àpapọ̀ bá tó bẹ́ẹ̀, ẹ mọ̀ pé èyí tí àwọn báńkì yòókù yóò gbà lọ́wọ́ aráàlú sábà máa ń jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Nítorí náà, nígbà tí a bá sùn, èlé kò sùn. Nígbà tí a bá lọ síbi ìnáwó, èlé ń ṣiṣẹ́. Ọjọ́ ìsinmi kò sí fún un.

Mọ́tò náà ń jẹun

Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa rò pé bí a bá ti san owó mọ́tò tán, ìnáwó tán nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ọjọ́ tí a ra mọ́tò ni ìnáwó rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Bí ẹran ọ̀sìn ni. Ẹni tó ra ewúrẹ́ yóò máa wá ewé. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ewúrẹ́ lè bímọ fún wa, mọ́tò kì í bímọ.

Ẹ wo epo bẹntiróòlù. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù karùn-ún ọdún 2023, iye tí ìjọba fi sí lítà kan kò tó ₦200. Ní ọjọ́ 29 oṣù náà, ọjọ́ tí a búra fún Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú, ó kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin. Nígbà tí a fi máa dé oṣù kẹwàá ọdún 2024, lítà kan ti tó bí ₦1,000 ní Èkó. Ẹni tó ra mọ́tò ní ọdún 2022, tó sì ṣírò owó epo rẹ̀ dáadáa, ìṣirò náà dàrú mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹ̀bi rẹ̀ kọ́. Ṣùgbọ́n òun ni yóò san án.

Ẹ wo ìwé íńṣọ́ránsì, èyí tó kéré jù tí òfin ní kí gbogbo onímọ́tò ní. Títí di òpin ọdún 2022, ₦5,000 ni fún ọkọ̀ ilé lọ́dún. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2023, ó di ₦15,000.

Mọ́tò tí a rà lọ́pọ̀ tún ní tirẹ̀. Àwọn àgbà ní, ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Mọ́tò àgbà tí kò wọ́n, ìgbà púpọ̀ ni olówó rẹ̀ ń tà á nítorí pé ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ owó. Lónìí, bátìrì. Lọ́la, gíà. Ní ọ̀túnla, ó kú sójú ọ̀nà, àwọn ọmọ sì wà nínú rẹ̀.

Ohun tí Bàbá Ìbejì àti Ìyá Ìbejì kọ sílẹ̀ fún oṣù kan nìyí:

Epo, lítà 10 lọ́sẹ̀, lítà kan ní ₦1,000: ₦40,000
Mẹ́káníìkì àti ẹni tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe: ₦25,000
Óìlì àti táyà: ₦15,000
Ìwé ọkọ̀ àti íńṣọ́ránsì, tí a pín sí oṣù 12: ₦5,000
Àpapọ̀: ₦85,000

Iye nǹkan yàtọ̀ láti ìlú sí ìlú. Ẹ fi iye ti àdúgbò yín sí i, kí ẹ sì tún un ṣírò.

Kí a gbé méjèèjì sórí ìwọ̀n

Ọ̀nà méjì ló wà níwájú káfíńtà yìí.

Ọ̀nà kìíní: kí wọ́n ra mọ́tò. Owó ọwọ́ wọn tán pátápátá. Lóṣooṣù, wọn yóò san ₦50,000 fún olówó èlé, wọn yóò sì ná ₦85,000 lórí mọ́tò. ₦135,000 nìyẹn. A kò tilẹ̀ ka èlé ẹgbẹ́ mọ́ ọn. Lẹ́yìn ọdún kan, mọ́tò ti gbó sí i, gbèsè ₦1,300,000 sì wà níbẹ̀ bó ti wà.

Ọ̀nà kejì: kí wọ́n san gbèsè. Wọn yóò san ₦1,300,000, yóò ku ₦1,100,000 lọ́wọ́ wọn. Lóṣooṣù, wọn yóò máa wọ bọ́ọ̀sì àti ọ̀kadà bí wọ́n ti ń ṣe tẹ́lẹ̀. Gbogbo ilé ń ná ₦36,000 lórí ìyẹn.

Ẹ yọ ₦36,000 kúrò nínú ₦135,000. Ó ku ₦99,000. Bí wọ́n bá ń fi ₦99,000 yìí pamọ́ lóṣooṣù, ní oṣù 12 yóò di ₦1,188,000. Ẹ wá fi kún ₦1,100,000 tó kù lọ́wọ́ wọn. Ó di ₦2,288,000!

Ẹ ò rí i? Lẹ́yìn ọdún kan, owó tó sún mọ́ owó mọ́tò náà ti padà sọ́wọ́ wọn. Lẹ́yìn oṣù 14, ó ti kọjá a. Àmọ́ lọ́tẹ̀ yìí, kò sí gbèsè lọ́rùn wọn. Sùúrù ọdún kan àti oṣù méjì péré ló wà láàárín ọ̀nà méjèèjì.

Ẹnìkan lè béèrè pé, "Bí a kò bá rà á báyìí, ṣé kò ní wọ́n sí i?" Ìbéèrè gidi ni. Nǹkan ti wọ́n gan-an láti ọdún 2023, mọ́tò náà kò sì gbẹ́yìn. Ó lè jẹ́ pé yóò gbà wọ́n ní oṣù díẹ̀ sí i. Ṣùgbọ́n èlé ₦10 lórí ₦100 lóṣù ń ju ojú owó lọ láàárín ọdún kan. Ó ṣọ̀wọ́n kí mọ́tò àgbà kan wọ́n tó bẹ́ẹ̀ láàárín ọdún kan.

Ẹlòmíràn yóò ní, "Owó kì í dúró lọ́wọ́ mi. Bí n kò bá ra nǹkan, ó máa yọ́ ni." Òótọ́ ni ìyẹn náà. ₦99,000 tí a kò bá gbé síbì kan, àwọn àlejò yóò jẹ ẹ́. Nítorí náà, lọ́jọ́ tí owó bá dé ni kí a gbé e fún alájọ tó ṣe é fọkàn tán, tàbí kí a san án sí ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀. Kí a ṣe é bí ẹni pé olówó èlé ṣì ń bọ̀ wá gbà á.

Bẹ́ẹ̀ sì ni, ẹ má gbàgbé àìsàn. Àìsàn kì í kọ̀wé kó tó dé. Ẹni tó ra mọ́tò tí ọwọ́ rẹ̀ sì ṣófo, ọ̀dọ̀ olówó èlé ni yóò tún padà sí. Ìgbà yẹn, bóyá wọn kò ní fún un mọ́. Àwọn àgbà ní, ẹni tó yá ẹgbàafà tí kò san án, ó bẹ́gi dínà ẹgbèje.

Gbèsè wo ni kí a kọ́kọ́ san?

Bí owó kò bá tó láti san gbogbo gbèsè, kí a ṣe é báyìí.

Kí a kọ́kọ́ san èyí tí èlé rẹ̀ ga jù. Òun ló ń jẹ wá jù.

Lẹ́yìn náà, kí a san èyí tó jẹ́ ti ẹni tí iṣẹ́ wa dúró lé. Gbèsè pákó kò ní èlé, ṣùgbọ́n ó ní ìtìjú. Bí káfíńtà bá ń gba ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù oníṣòwò pákó kọjá kí wọ́n má bàa rí i, níbo ni yóò ti rí pákó fún iṣẹ́ tó ń bọ̀?

Lẹ́yìn náà ni ti ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀. Láti ọdún 1935 tí òfin ti fi ẹsẹ̀ irú ẹgbẹ́ yìí múlẹ̀ ní Nàìjíríà ni àwọn àgbẹ̀ àti oníṣẹ́ ọwọ́ ti ń rí owó yá níbẹ̀ láìsí pé wọ́n bọ́ sọ́wọ́ sọ̀gúndogójì. Ẹni tó bá san tirẹ̀ déédéé yóò tún rí yá lọ́jọ́ mìíràn. Bí èlé rẹ̀ bá kéré, a lè máa san án díẹ̀díẹ̀ bí a ti ṣèlérí.

Ṣùgbọ́n kí a má san gbèsè títí ọwọ́ yóò fi ṣófo pátápátá. Kí a fi díẹ̀ sílẹ̀ fún àìsàn àti owó ilé-ìwé.

Ohun kan tún wà tó kan ẹ̀yin tí ẹ ti mọ̀wé báyìí. Bí ẹ bá san gbèsè, ẹ gba ìwé ẹ̀rí. Kí ọjọ́ tí ẹ san án wà níbẹ̀, kí iye tí ẹ san wà níbẹ̀, kí iye tó kù wà níbẹ̀, kí ẹni tó gba owó sì fọwọ́ sí i. Bí ẹ bá san án tán, ẹ gba ìwé tí ẹ kọ nígbà tí ẹ yá a padà. Tẹ́lẹ̀ rí, wọ́n lè sọ pé kí ẹ tẹ ìka sí ohun tí ẹ kò kà. Ìyẹn ti tán. Ẹ kà á tán kí ẹ tó fọwọ́ sí i. Ẹni tó bá bínú nítorí pé ẹ fẹ́ kà á, ẹ ṣọ́ra fún un.

Ìgbà tí mọ́tò lè ṣáájú

A kò sọ pé gbèsè ló gbọ́dọ̀ ṣáájú nígbà gbogbo. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà.

Bí mọ́tò bá jẹ́ irin iṣẹ́, ọ̀rọ̀ lè yàtọ̀. Ẹ jẹ́ kí a sọ pé obìnrin kan ń san ₦120,000 lóṣooṣù fún àwọn tó ń bá a gbé ẹrù lọ sọ́jà. Bí ó bá ra mọ́tò tó ń ná an ní ₦85,000, ó jèrè ₦35,000 lóṣù. Ṣé kó rà á? Ẹ dúró ná! Bí ó bá jẹ olówó èlé tó ń gba ₦50,000 lóṣù, èrè ₦35,000 kò tó èlé. Kó san gbèsè rẹ̀ ná. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ nìkan ló jẹ ní ₦600,000, tí èlé rẹ̀ kò ju ₦6,000 lọ lóṣù, èrè ju èlé lọ. Ó lè ra mọ́tò náà, kó sì máa fi èrè rẹ̀ san gbèsè.

Ìwọ̀n rẹ̀ nìyẹn: ohun tí mọ́tò ń mú wá, àti ohun tí èlé ń mú lọ. Èyí tó bá wúwo jù ni kí a tẹ̀lé.

Bákan náà, bí ẹnìkan nínú ilé bá ní àìsàn tó ń gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní gbogbo ìgbà, tí ọkọ̀ kò sì dé àdúgbò náà, a kì í fi owó wọn ẹ̀mí. Àmọ́ kí a kọ́kọ́ béèrè bóyá a lè bá onítákísì kan ṣe àdéhùn.

Ọ̀rọ̀ ìyì

Ẹ jẹ́ kí a sọ òtítọ́ fún ara wa. Nígbà mìíràn, kì í ṣe òjò ló ń mú wa fẹ́ mọ́tò. Ojú ayé ni. A fẹ́ kí àna rí i. A fẹ́ kí ẹni tó fi wá ṣẹ̀sín lọ́jọ́sí rí i pé àwa náà ti dé. Ìyì dára, ṣùgbọ́n a kì í fi ọlá jẹ iyọ̀. Bí ó bá jẹ́ ọjọ́ ìnáwó kan ṣoṣo ni, ẹ háyà ọkọ̀ fún ọjọ́ náà. Ẹni tó gun mọ́tò tó sì ń sá fún olówó rẹ̀ lójú ọ̀nà, ìyì wo ló ní? Ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn tó sì lè kí gbogbo ènìyàn ládùúgbò láìsá fún ẹnìkan, òun ni ọmọlúwàbí.

Nígbà tí ọjọ́ mọ́tò bá dé, tí gbèsè ti tán, ẹ mú mẹ́káníìkì tiyín dání lọ wò ó. Ẹ má lo mẹ́káníìkì ẹni tó fẹ́ tà á. Ẹ lọ láàárọ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣì tutù. Bí èéfín rẹ̀ bá rí bí aró, ó ń jẹ óìlì nìyẹn. Ẹ ka ìwé rẹ̀ fúnra yín. Kí nọ́ńbà tó wà lára ọkọ̀ àti lára ẹ́ńjìnnì bá ti inú ìwé mu.

Níbo ni Bàbá Ìbejì bá ọ̀rọ̀ náà jálẹ̀? Ó tún ìṣirò náà kà lẹ́ẹ̀mejì. Ó dìde lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó lọ bá ọlọ́kọ̀, ó sì ní, "Ẹ ṣé, ọ̀gá. Ọwọ́ wa kò tíì tó o. Kí Ọlọ́run bá yín wá ẹni tí yóò rà á." Ojú tì í díẹ̀, a kò ní purọ́. Láti ibẹ̀, òun àti ìyàwó rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ olówó èlé. Wọ́n ka owó fún un. Wọ́n gba ìwé wọn padà. Ìyá Ìbejì kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀ kó tó ya á.

Nígbà tí wọ́n délé, ó ṣí ojú ewé tuntun nínú ìwé rẹ̀. Ó kọ ọ̀rọ̀ kan sókè rẹ̀: MỌ́TÒ. Lábẹ́ rẹ̀ ó kọ pé: Oṣù kìíní, ₦99,000.

Ẹ̀yin ará, ohun tí a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ìbéèrè

1. Èlé mélòó ni Bàbá Ìbejì ń san lóṣù kan? Mélòó ni yóò jẹ́ ní ọdún kan?
2. Kí ni ìdí tí wọ́n fi ní kí a kọ́kọ́ san gbèsè tí èlé rẹ̀ ga jù?
3. Ìgbà wo ni mọ́tò lè ṣáájú gbèsè sísan?
4. Àwọn nǹkan mẹ́rin wo ló yẹ kó wà nínú ìwé ẹ̀rí bí a bá san gbèsè?
5. Ẹ mú ìwé yín. Ẹ kọ gbogbo gbèsè ilé yín sílẹ̀, àti èlé tó wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ má fi hàn wá. Ẹ lọ jókòó ti ọkọ tàbí aya yín nílé, kí ẹ sì jọ kà á.